Owó Kékeré, Iṣẹ́ Ọnà àti Àsìkò: Ìrànwọ́ fún Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà láti Mbárí Mbáyọ̀ dé Yábàá

Bí ọba bá pe gbẹ́nàgbẹ́nà wá sí ààfin pé kí ó wá gbẹ́ ilẹ̀kùn, ohun tí àwọn méjèèjì ń retí lọ́dọ̀ ara wọn kò ṣókùnkùn. Ilẹ̀kùn ni ọba ń fẹ́, ilẹ̀kùn ni yóò sì gbà. Oúnjẹ àti owó iṣẹ́ ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Owó ìrànwọ́ tí àwọn àjọ ń fún àwọn oníṣẹ́-ọnà lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ kì í gbé àwòrán lọ sílé, ẹni tó gba owó kò sì ta nǹkan kan. Kí wá ni owó náà rà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti oníṣirò owó nìkan. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà tí àwọn onímọ̀ ń kà sí ti ìgbàlódé nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá èyí tó ti Òṣogbo jáde, kò ṣẹ̀yìn irú owó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó náà kò tó nǹkan. Àlàyé tí a óò ṣe níhìn-ín ni pé àsìkò ni owó ìrànwọ́ kékeré ń rà, àti pé agbo tó ti wà nílẹ̀ kí owó tó dé ló ń pinnu ohun tí àsìkò náà yóò dà.

Àgbàṣe àti ẹ̀bùn

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, yẹ ní ẹni tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914, ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ náà, ilé ẹni tó gbéṣẹ́ síta ló ń bọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Èyí ni pé kí ọba tó rí ilẹ̀kùn, ó ti kọ́kọ́ fún oníṣẹ́-ọnà ní ọjọ́ tí kò ní lọ sóko, tí kò sì ní wá oúnjẹ kiri. Nínú èyí, ààfin àti àjọ olówó ìrànwọ́ jọra ju bí wọ́n ti ń rò lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìparí ọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí ìjọba amúnisìn pàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà ní pàṣípààrọ̀. Láàárín ọba àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ẹni tó gbé iṣẹ́ síta ló ni iṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wà láàárín àgbàṣe àti ẹ̀bùn. Láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll, ti ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nárì SMA, kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà jọ sí ibi iṣẹ́ kan níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Areogun ará Òsì, ni ọ̀gá láàárín wọn. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ sí i. Ìjọ Àgùdà ni oníbàárà. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìgbẹ́nà Yorùbá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, àwọn ọba Ìlà-Oòrùn mẹ́ta sì ń wọ agbádá lọ kí ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti jiyàn lórí bóyá èyí dára tàbí kò dára fún ìgbàgbọ́ àti fún ọnà. Ohun tó kàn wá níhìn-ín kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí ibi iṣẹ́ náà tú ká, iṣẹ́ Fákẹ́yẹ kò dúró. Ó ti ní ọ̀gá, ó ti ní ọdún tó tó láti fi kọ́ṣẹ́, ó sì wá láti ìdílé tó ń gbẹ́nà. Owó ìjọ kò dá a sílẹ̀. Ó kàn fún un láyè ni. Ère Odùduwà rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ títí di òní.

Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀bùn kì í lọ lásán. Ọpẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ àwọn àjọ, ọpẹ́ yìí ti di ìjábọ̀, ríṣíìtì, àti àmì àjọ lára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìpàtẹ. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí a dúpẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìjábọ̀ máa ń béèrè ohun tí a lè fojú rí, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí owó náà rà ní tòótọ́ kì í ṣe é yà ní fọ́tò.

Òṣogbo

Ní 1961 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe àti Ezekiel Mphahlele tó wá láti South Africa wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Inú èdè Ìgbò ni orúkọ náà ti wá. Iṣẹ́ Uche Okeke àti Demas Nwoko ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ní Zaria ni. Ní 1962, àwọn iṣẹ́ Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dé ibẹ̀. Lọ́dún yìí kan náà ni Dúró Ládiípọ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Beier àti Mphahlele, sọ ilé tó ti ń ta ọtí ní Òṣogbo di gbọ̀ngàn eré àti ti ìpàtẹ. Àwọn ará ìlú kò mọ ohun tí Mbari jẹ́ lédè Ìgbò, wọ́n sì gbọ́ ọ ní èdè tiwọn: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ṣe di Mbárí Mbáyọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọnà tó wáyé níbẹ̀ kò gùn rárá. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ló darí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ àkọ́kọ́ ní 1962 àti 1963. Láti ibẹ̀ ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti jáde. Ní 1964, Georgina Beier darí òmíràn tí kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ìgbà yẹn ni Mùráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi, Jímọ̀ Bùráímọ̀ àti Twins Seven-Seven wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan yìí ṣàlàyé ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí dà, yóò dà bí ẹni pé idán ni wọ́n pa. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ nípa Òṣogbo sì fẹ́ràn idán náà jù: ọ̀dọ́ tí kò kàwé púpọ̀, ọ̀dà díẹ̀, ọjọ́ díẹ̀, ó sì di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀.

Ohun tí ìtàn yẹn ń fò dá ni ilé iṣẹ́ eré Ládiípọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí tó mú búrọ́ọ̀ṣì, inú eré ni wọ́n wà. Afọlábí àti Ògúndélé jẹ́ òṣèré. Oyèlámì náà ń ṣeré, ó sì ń lùlù. Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Ijó ló gbé Twins Seven-Seven dé ọ̀dọ̀ Ládiípọ̀. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó mọ ìgbà tí wọn kò wá síbi iṣẹ́. Nígbà tí Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, àwọn kan lára wọn rí òkè òkun láìkọ ìwé sí àjọ kankan. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, Georgina Beier kò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó ń gbé ní Òṣogbo, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ títí òun àti ọkọ rẹ̀ fi kúrò ní Nàìjíríà ní ìparí 1966. Nítorí náà, ọjọ́ mélòó kan yẹn jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni ilé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní àsìkò tó láti ṣe àṣìṣe ni ọ̀nà tiwọn fi yà síra: Bùráímọ̀ bọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀, Twins Seven-Seven bọ́ sí àwọn iwin inú igbó tó fara jọ ti inú ìtàn Tutùọlá, Oyèlámì sì ń ya ojú ènìyàn àti ilé pẹ̀lú àwọ̀ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ Adébísí Àkànjí tún kéré sí èyí, ó sì ṣe kedere jù ú lọ. Bíríkìlà ni. Ní Òṣogbo, bí i ti Èkó àti Ìbàdàn, àwọn ilé alágùdà wà, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wálé mú àṣà rẹ̀ dé. Àwọn bíríkìlà sì máa ń fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún sí iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀. Beier ṣètò ìdíje fún àwọn tó ń mọ kìnnìún yìí, Àkànjí sì yọrí nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri oníhò tó kún fún àwòrán ènìyàn àti ẹranko, ọ̀kan wà ní ilé epo Esso ní Òṣogbo. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó bá Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe, igbó tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Kò sí ẹni tó kọ́ Àkànjí bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì. Ìdíje náà kò fún un ní iṣẹ́ ọwọ́. Ó fi yé e àti àwọn ará ìlú pé ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Ẹ̀bùn ìdíje kò lè pọ̀. Síbẹ̀ ó ṣòro láti rí owó tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ẹni tó wà lẹ́yìn owó

Kì í ṣe Beier tàbí Ládiípọ̀ ló ni gbogbo owó tí wọ́n ná. Congress for Cultural Freedom, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, tí Mphahlele sì ń bójú tó ẹ̀ka ti Áfíríkà rẹ̀, ran Mbari lọ́wọ́. Farfield Foundation ti Amẹ́ríkà náà wà lára ọ̀nà tí owó gbà wá. Ní 1966 àti 1967, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú u síta pé CIA, àjọ atẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló wà lẹ́yìn àwọn àjọ wọ̀nyí. Ogun abẹ́lẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Soviet ni wọ́n ń jà, ìwé àti àwòrán sì wà lára ohun ìjà wọn.

Àwọn kan fi èyí pa gbogbo iṣẹ́ Mbari rẹ́. Ìdájọ́ yẹn le jù. Kò sí ohun kan nínú àwòrán Ògúndélé tàbí ti Fábùnmi tí atẹlẹ̀múyẹ́ kan lè sọ pé òun ló ní kí ó yà á bẹ́ẹ̀. Òrìṣà, àlọ́ àti ọjà Òṣogbo ló kún inú wọn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ láti sọ pé owó náà kò fọwọ́ kan nǹkan. Olówó tó fara pamọ́ kò nílò láti yan ohun tí ènìyàn yóò yà. Bí ó bá ti lè ní ipa lórí ẹni tí yóò wọ yàrá, èdè tí wọn yóò máa sọ níbẹ̀, àti ìlú tí wọn yóò máa wò fún ìyìn, ó ti ṣe tó. Ìwà àìtọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀bùn gan-an: àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo jẹ ẹ̀bùn tí wọn kò mọ olóore rẹ̀, nítorí náà wọn kò lè pinnu bóyá wọ́n fẹ́ ẹ tàbí wọn kò fẹ́ ẹ.

Owó tún ní ìṣòro mìíràn: ó máa ń lọ. Lẹ́yìn tí àwọn Beier lọ sí Papua New Guinea, ó di dandan kí àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo gbẹ́kẹ̀ lé ọjà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń rà jẹ́ àlejò òkè òkun. Èyí mú kí àwọn kan máa tún àwòrán kan náà yà léraléra. Àwọn mìíràn fi owó ọjà dá agbo tuntun sílẹ̀. Níkẹ Okúndayé, tó mọ iṣẹ́ àdìrẹ láti inú ìdílé rẹ̀, tó sì ti jẹ́ ìyàwó Twins Seven-Seven, dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí àwọn ọ̀dọ́, àwọn obìnrin pàápàá, ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tó ń tà ló fi ń bọ́ wọn. Bruce Onobrakpeya, tí òun náà jẹ àǹfààní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbari, tó sì kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wòrán lọ́dọ̀ Ru van Rossem ará Netherlands, dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Harmattan sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, Agbarha-Otor, ní 1998. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye tí owó ìrànwọ́ ọdún 1961 sí 1964 jẹ́, ó ní láti ka àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kọjá lọ́dọ̀ àwọn méjì yìí pẹ̀lú, kò sì sí ìjábọ̀ tó lè kà wọ́n tán.

Ìpàtẹ àti ẹni tó ń ṣètò rẹ̀

Títí dé ìhín, orí oníṣẹ́-ọnà ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní curator kò tíì ní orúkọ kan tí gbogbo ènìyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní Yorùbá. Olùtọ́jú bá iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mu, ṣùgbọ́n kò kárí ẹni tí kò ní ẹrù kankan láti tọ́jú, tó jẹ́ pé èrò ló ń kó jọ. Olùṣètò ìpàtẹ sàn jù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni pípàtẹ, ẹni tó bá sì mọ ọjà mọ̀ pé kì í ṣe pé kí a kàn da ẹrù sílẹ̀: ohun tó wà níwájú àtẹ, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ohun tí a fi pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ìpinnu ni gbogbo wọn. Olùṣètò kò ní àwòrán tí yóò tà bí owó bá tán. Ìdí nìyí tí owó ìrànwọ́ fi ṣe pàtàkì fún un ju fún ayàwòrán lọ.

Bísí Silva mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣètò ìpàtẹ ní Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá sí Èkó, ó sì dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní Yábàá ní 2007. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ìtàwòrán. Ilé ìkàwé rẹ̀, tó kún fún ìwé nípa iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó ṣòro láti rí níbòmíràn ní Nàìjíríà, ni àárín gbùngbùn rẹ̀. Ní 2010 ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alárìnkiri kan. Bí oṣù kan ni ó máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àwọn oníṣẹ́-ọnà àti àwọn olùṣètò ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà oríṣiríṣi sì ń jókòó pọ̀ láti ronú, láti kàwé, àti láti ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ara wọn. Ó dé Accra, Dakar, Maputo àti Addis Ababa. Orúkọ tó fún un ni Àsìkò. Ó ṣòro láti gbà pé èèṣì ni orúkọ náà, nítorí pé àsìkò gan-an ni ó ń wá owó láti rà: oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè àwòrán tó parí.

Bí owó bíńtín ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ìwé tún hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí J. D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ni ayafọ́tò yìí ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, onílé gogoro àti oríṣiríṣi mìíràn, ó sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò jọ. Òkè òkun ni òkìkí rẹ̀ ti kọ́kọ́ kàn. Ìwé ńlá tí Silva ṣe olóòtú rẹ̀ nípa iṣẹ́ náà jáde láti Èkó ní 2014, ọdún tí Ojeikere kú. Silva fúnra rẹ̀ di olóògbé ní 2019. Pé ilé tó dá sílẹ̀ ṣì ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé agbo ti wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Fọ́ọ̀mù àti èdè rẹ̀

Láàárín àwọn tó ń fúnni lówó lóde òní, àwọn kan ti ń gbọ́ ohun tí Òṣogbo sọ. Láti 2021, Prince Claus Fund ti Netherlands ń fún ọgọ́rùn-ún oníṣẹ́-ọnà lọ́dún ní 5,000 Yúrò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan láti fi tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà tó bá wù wọ́n. Fún ẹni tó ń gbé ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, iye yìí tó owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ fún ìgbà tó gùn díẹ̀. Kò tó láti kọ́ ilé, kò sì yẹ kí ó tó. Àwọn tó ń dá èsúsú mọ irú owó bẹ́ẹ̀: kì í sọ ni di olówó, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sí àkókò tó yẹ, ọjà á yí padà. Ìyàtọ̀ ni pé nínú èsúsú, àwọn tó ń dá owó mọ ara wọn. Níhìn-ín, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló dúró láàárín wọn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù náà máa ń béèrè, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́. Ó fẹ́ kí oníṣẹ́-ọnà sọ ìbéèrè tí iṣẹ́ rẹ̀ ń wá ìdáhùn sí, ohun tí yóò yí padà láwùjọ, àti bí a ó ṣe wọn ìyípadà náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó lè fi wákàtí kan ṣàlàyé ìdí tí ojú ère fi gbọ́dọ̀ yọ síta, tó sì mọ oríkì igi tó ń lò, kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Yóò wá ẹni tó lè kọ ọ́. Ẹni yẹn, tó lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé gíga tàbí olùṣètò ìpàtẹ, yóò túmọ̀ iṣẹ́ náà sí ohun tí fọ́ọ̀mù lè gbọ́. Yóò sì gba ìpín tirẹ̀, èyí kò sì burú, nítorí iṣẹ́ ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí owó bá dé, ohun tí akọ̀wé kọ ni oníṣẹ́-ọnà yóò ní láti ṣe. Lábẹ́ Carroll àti lábẹ́ Beier, ó kéré tán, ẹni tó ń bá gbẹ́nàgbẹ́nà sọ̀rọ̀ gbọ́ Yorùbá, ó sì ń wò ó bó ti ń ṣiṣẹ́. Bíríkìlà tó mọ kìnnìún kò kọ ìwé kankan. Kìnnìún rẹ̀ ni wọ́n wò.

Kò ṣòro láti tún èyí ṣe, kò sì ná owó púpọ̀. Àjọ tó bá lè gba fídíò lè gba ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ lórí fóònù ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú fọ́tò iṣẹ́ márùn-ún. Ó nílò adájọ́ kan tó gbọ́ èdè náà, ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ Èkìtì àti ọwọ́ Ẹ̀gbádò nínú igi gbígbẹ́. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní àwọn yunifásítì, lára àwọn tó ń ka irú ìwé àtìgbàdégbà yìí. Títí di ìsinsìnyí, ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ; wọn kì í sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń pín owó.